Ìfúnpọ̀ Dísìkì Lórí Kọ̀ǹpútà Àtijọ́: Bó Bá Forí Ṣánpọ́n, Ta Ló Jẹ̀bi?

Ohun tó kọ́kọ́ máa ń há lára kọ̀ǹpútà tó ti pẹ́ ni àyè inú dísìkì. Ojú rẹ̀ lè ṣì mọ́lẹ̀, bọ́tìnnì rẹ̀ lè ṣì pé, àmọ́ lọ́jọ́ tí dísìkì bá kún dé ẹnu, iṣẹ́ dúró. Ìdí nìyẹn tí oríṣiríṣi sọ́fítíwíà fi ń jáde láti nǹkan bí ọdún 1990 títí dòní olónìí, tí gbogbo wọn ń ṣe ìlérí kan náà: pé àwọn á fún ẹrù inú dísìkì pọ̀, ibi tó há á sì gbà sí i. Àwọn kan jẹ àǹfààní rẹ̀ pẹ́. Àwọn mìíràn gbé e sórí ẹ̀rọ wọn, ó kọ̀, kò wọlé. Ti àwọn kan wọlé dé ìdajì, ó dúró síbẹ̀. Ti àwọn kan tilẹ̀ parí, àmọ́ ẹ̀rọ ò tan mọ́.

Bó bá ti rí bẹ́ẹ̀, ilé iṣẹ́ tó ṣe sọ́fítíwíà náà ló máa ń kọ́kọ́ jẹ èébú. Wọ́n jẹ̀bi díẹ̀ lóòótọ́, a ó sì dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n tí a bá gbé gbogbo ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò, láti ayé DOS títí dé Windows tó wà lóde báyìí, ohun kan hàn gbangba: bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani. Àìsàn tó ti wà lára dísìkì tẹ́lẹ̀ ló sábà máa ń tú síta lọ́jọ́ tí wọ́n bá ní kí wọ́n fún un pọ̀.

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe bẹ̀rẹ̀

Níbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, dísìkì 40 mẹ́gábáìtì kì í ṣe ohun ìtìjú lórí kọ̀ǹpútà ilé tàbí ti ọ́fíìsì ní Amẹ́ríkà. Ẹni tó ní 120 ti di ọlọ́lá. Windows 3.1 dé lọ́dún 1992, òun nìkan sì fẹ́ jẹ nǹkan bí 10 mẹ́gábáìtì kí olówó ẹ̀rọ tó tẹ lẹ́tà kan ṣoṣo. Dísìkì tuntun wọ́n bí ojú, iṣẹ́ sì ń pọ̀ sí i.

Stac Electronics, ilé iṣẹ́ kan ní ìpínlẹ̀ Kalifọ́níà, rí ibi tí ọjà wà. Lọ́dún 1990 wọ́n gbé Stacker jáde, ó sì tà. Ìmọ̀ tí wọ́n gbé e kà kì í ṣe tuntun. Jacob Ziv àti Abraham Lempel, àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ọmọ Ísírẹ́lì méjì, ti tẹ̀ ẹ́ jáde láti ọdún 1977: ibi tí nǹkan bá ti tún ara rẹ̀ sọ nínú fáìlì, má kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì, kàn tọ́ka sí ibi tó ti wáyé tẹ́lẹ̀ kí o sì sọ bó ṣe gùn tó. Ìwé, lẹ́tà àti àkọsílẹ̀ owó kún fún ohun tó ń tún ara rẹ̀ sọ, nítorí náà wọ́n máa ń sún kì dáadáa.

Kò pẹ́ tí àwọn tó ń ṣe DOS fi rí i pé ohun tí Stac ń tà lọ́tọ̀ yìí yẹ kó wà nínú àpótí tiwọn. Digital Research fi SuperStor sínú DR DOS 6.0 lọ́dún 1991. Microsoft bá Stac dúnàádúrà, wọn ò gbọ́ ara wọn yé, Microsoft bá gba ìpìlẹ̀ tiẹ̀ lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ Vertisoft, wọ́n pè é ní DoubleSpace, wọ́n sì fi í sínú MS-DOS 6.0 tó jáde ní oṣù kẹta ọdún 1993. Kó tó jáde rárá, ní oṣù kìíní ọdún náà, Stac ti gbé wọn lọ sílé ẹjọ́ pé wọ́n ti wọ oko ìmọ̀ àwọn láìgbàṣẹ. Ní oṣù kejì ọdún 1994, àwọn aráàlú tó jókòó gbọ́ ẹjọ́ náà ní Los Angeles dá Stac láre. Wọ́n ní kí Microsoft san 120 mílíọ̀nù dọ́là. Wọ́n ní kí Stac náà san 13.6 mílíọ̀nù fún Microsoft nítorí àṣírí iṣẹ́ tí wọ́n lò. Microsoft yára gbé MS-DOS 6.21 jáde tí kò ní ẹ̀rọ ìfúnpọ̀ kankan nínú. Ní oṣù kẹfà ọdún kan náà, wọ́n parí ìjà. Microsoft ra ìpín ìdókòwò nínú Stac, ó sì gbà láti san owó ìlò ìmọ̀. MS-DOS 6.22 wá gbé DriveSpace dé, tó ń fún nǹkan pọ̀ lọ́nà mìíràn. IBM pẹ̀lú kò jókòó tẹtẹrẹ: SuperStor ló wà nínú PC DOS 6.1 tiwọn, nígbà tó di ọdún 1995 wọ́n fi Stacker sínú PC DOS 7.

Ẹni tó jókòó síwájú kọ̀ǹpútà àtijọ́ lónìí kò gbọdọ̀ fi ìtàn ẹjọ́ yìí ṣeré. Ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ irú DOS tó wà lórí ẹ̀rọ náà. Ẹni tó bá ń wá DoubleSpace lórí 6.21 ń wá ohun tí ilé ẹjọ́ ti lé jáde. Ẹni tó bá sì mú fáìlì ètò ti 6.0 kọjá sórí 6.22 ń da omi pọ̀ mọ́ epo. Tẹ VER, ka nọ́ńbà tó bá jáde, kí o tó ṣe ohunkóhun. Ẹnu kíka nọ́ńbà yìí ni iṣẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lábẹ́ ilẹ̀

Ẹni tí kò bá mọ bí wọ́n ṣe kọ́ ẹ̀rọ ìfúnpọ̀ yìí kò lè mọ ibi tó ti bàjẹ́. Kì í fún fáìlì kọ̀ọ̀kan pọ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ bíi ti ZIP. Fáìlì ràgàjì kan ṣoṣo ló ń dá sórí dísìkì gidi, á kó gbogbo ohun tó wà nílẹ̀ sínú rẹ̀, á sì máa fi fáìlì yẹn han DOS bí ẹni pé òun gan-an ni dísìkì C. Ti DoubleSpace ń jẹ́ DBLSPACE.000, ti DriveSpace ń jẹ́ DRVSPACE.000, ti Stacker sì ń jẹ́ STACVOL.DSK. Wọ́n fi í pa mọ́, wọ́n sì fi òfin dè é kí ẹnikẹ́ni má bàa pa á rẹ́. Dísìkì gidi fúnra rẹ̀ á wá gba lẹ́tà mìíràn. Lórí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ, H ló máa ń jẹ́. Ìwọ̀nba fáìlì díẹ̀ tí ẹ̀rọ fi ń dìde ló máa ń kù síbẹ̀.

Ìyẹn ni pé irọ́ rere kan ni dísìkì C tí ojú ń rí. Ohun tó ń gbé irọ́ náà dúró ni ètò kékeré kan tó ń jókòó sínú mẹ́mọ́rì, DBLSPACE.BIN tàbí DRVSPACE.BIN. DOS máa ń gbé e wọlé kó tó ka CONFIG.SYS rárá. Ti Stacker àtijọ́ yàtọ̀: inú CONFIG.SYS ni wọ́n ti ń pè é, ìlà mìíràn tó ń pe SSWAP.COM ló sì ń pààrọ̀ lẹ́tà dísìkì méjèèjì. Bí ẹnì kan bá fọwọ́ pa ìlà yẹn rẹ́, tàbí tó fi flọ́pì tan ẹ̀rọ, fáìlì mẹ́ta-mẹ́rin péré ló máa bá lórí C. Ẹni tí kò mọ̀ á figbe ta pé gbogbo iṣẹ́ òun ti lọ, á sì fọ dísìkì náà nù pátápátá, nígbà tó jẹ́ pé gbogbo rẹ̀ ṣì wà nínú STACVOL.DSK láìyingin.

Àyè tí ẹ̀rọ ìfúnpọ̀ ń rí kì í sì í ṣe ti ìfúnpọ̀ nìkan. DOS kì í pín dísìkì ní báìtì kọ̀ọ̀kan. Ìdìpọ̀-ìdìpọ̀ ló ń pín in. Lórí dísìkì 120 mẹ́gábáìtì, ìdìpọ̀ kan jẹ́ 2 kílóbáìtì. Lórí èyí tó fẹ́ẹ̀ pé 2 gígábáìtì, ó di 32. Lẹ́tà tí kò ju 300 báìtì lọ á gba odindi ìdìpọ̀ kan, ìyókù á ṣòfò. Nínú fáìlì ràgàjì náà, sẹ́kítọ̀ 512 báìtì ni wọ́n fi ń pín àyè, nítorí náà òfò yẹn fẹ́ẹ̀ tán. Ìdí nìyẹn tí ẹni tí fáìlì kéékèèké kún ọwọ́ rẹ̀ fi ń jèrè ju ẹni tí àwòrán àti orin kún ọwọ́ rẹ̀ lọ. Àwòrán JPEG, orin MP3 àti fáìlì ZIP ti fún pọ̀ láti ilé wọn wá, kò sí ohun tí ẹ̀rọ kankan tún lè rí fún lára wọn.

Ibẹ̀ ni àròyé kan ti ń jáde léraléra. Ẹ̀rọ á ní àyè tó kù jẹ́ 50 mẹ́gábáìtì, olówó rẹ̀ á fẹ́ kó 30 mẹ́gábáìtì àwòrán sí i, dísìkì á ní òun ti kún. Kò sí ohun tó bàjẹ́ níbẹ̀. Nọ́ńbà àyè tó kù lórí dísìkì tí wọ́n fún pọ̀ kì í ṣe ohun tí wọ́n wọ̀n, àfojúbù ni: wọ́n gbà pé ohun tí ń bọ̀ á sún kì tó ìdajì bíi ti èyí tó wà nílẹ̀. Bí ohun tó dé kò bá sún kì, àfojúbù á já sí òfo.

Ọ̀nà mẹ́rin tó ń gbà kọ̀

Tí a bá kó gbogbo ẹjọ́ ìfúnpọ̀ tó kùnà jọ, wọ́n pín sí mẹ́rin, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní ìdí tirẹ̀.

Èkíní ni èyí tó kọ̀ láti bẹ̀rẹ̀. Àìsí àyè ló sábà ń fà á, ọ̀rọ̀ yìí sì máa ń pa àwọn ènìyàn lẹ́rìn-ín: ṣebí nítorí pé kò sí àyè ni mo ṣe gbé e wá? Ṣùgbọ́n ẹni tí yàrá rẹ̀ kún dé ẹnu ọ̀nà kò lè tò ó láìjẹ́ pé ó rí ẹ̀gbẹ́ kan kó ẹrù sí ná. DoubleSpace ń fẹ́ ó kéré tán 1.2 mẹ́gábáìtì lófìfo lórí dísìkì tó ń tan ẹ̀rọ, nítorí pé fáìlì díẹ̀díẹ̀ ló ń mú, tó ń fún, tó ń gbé sí ibòmíràn, tó sì ń gba àyè tó fi sílẹ̀. Àyè tó ṣófo sì lè wà kó má wúlò, bí fáìlì tí kò ṣeé gbé bá dúró sí àárín rẹ̀. Fáìlì ìpàrọ̀ Windows, 386SPART.PAR, wà lára àwọn tó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ mú kúrò. Kò gbọdọ̀ gbé inú dísìkì tí wọ́n fún pọ̀, nítorí pé Windows ń kọ nǹkan sínú rẹ̀ tààràtà láìgba ọwọ́ DOS kọjá. Àwọn ètò ìdáàbòbò orí eré kọ̀ǹpútà ìgbà yẹn náà máa ń fi fáìlì pamọ́ sí ojú kan pàtó, tí eré náà kò ní ṣí mọ́ bí wọ́n bá ṣí i nípò.

Èkejì ni èyí tó dúró láàárín ọ̀nà. Níhìn-ín, dísìkì fúnra rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Dísìkì tó ti sáré fún ọdún púpọ̀ máa ń ní ojú tó ti kú, tí kò ṣeé kà tí kò ṣeé kọ. Ọ̀pọ̀ ojú bẹ́ẹ̀ lè wà fún ọdún púpọ̀ kí ẹnikẹ́ni má mọ̀, nítorí pé kò sí fáìlì tó bọ́ síbẹ̀. Ẹ̀rọ ìfúnpọ̀ kò ní irú oríire yẹn: gbogbo dísìkì ló máa fi ẹsẹ̀ tẹ̀, láti ìkángun dé ìkángun, nítorí náà kò sí bó ṣe máa ṣe é tí kò ní kan ibi tó jẹrà. Bẹ́ẹ̀ náà ni fáìlì méjì tí wọ́n jọ ń pe ìdìpọ̀ kan náà ní tiwọn. DOS lè máa fojú fo ó dá. Ẹni tó bá fẹ́ kó ẹrù náà jọ kò lè fojú fo ó dá, nítorí ó gbọ́dọ̀ mọ ẹni tó ni ín.

Ní ti iná tó bá lọ lójijì nígbà tí iṣẹ́ ń lọ, a gbọ́dọ̀ fún àwọn tó kọ DoubleSpace ní oríyìn: wọ́n kọ ọ́ kó lè máa bá iṣẹ́ lọ láti ibi tó dé nígbà tí wọ́n bá tún tan ẹ̀rọ. Ohun tó ń ba ti ẹ̀ jẹ́ ni ọwọ́ wàdùwàdù, kí ẹnì kan rí i pé ó dúró, kó fi flọ́pì tan ẹ̀rọ, kó bẹ̀rẹ̀ sí í pa fáìlì tí kò mọ̀ rẹ́.

Ẹ̀kẹta ni èyí tó parí, àmọ́ tí ẹ̀rọ kọ̀ láti dìde tàbí tí àwọn ètò kọ̀ láti ṣí. Mẹ́mọ́rì ló sábà wà nídìí èyí. Nínú DOS, 640 kílóbáìtì àkọ́kọ́ ni gbogbo ètò ń jìjàdù lé lórí, láìka iye mẹ́mọ́rì tó wà lókè sí. DBLSPACE.BIN nìkan á gba ohun tó lé ní 40 kílóbáìtì nínú rẹ̀. Ètò tó ti ń fi ìwọ̀nba àyè ráágó tẹ́lẹ̀ á ní òun kò rí mẹ́mọ́rì tó. Ohun tó ń wo irú èyí sàn ni ìlà kan nínú CONFIG.SYS, DEVICEHIGH tó ń pe DBLSPACE.SYS pẹ̀lú /MOVE, tí yóò gbé ètò náà lọ sí òkè níbi tí àyè wà, bí HIMEM.SYS àti EMM386.EXE bá ti wà níwájú rẹ̀. Àmọ́ bó bá jẹ́ pé ẹ̀rọ ní fáìlì ràgàjì náà ti fọ́ sí wẹ́wẹ́ ju bóun ṣe lè kó jọ lọ, inú DBLSPACE.INI ni ọ̀rọ̀ wà: ìlà MaxFileFragments ló ń sọ iye wẹ́wẹ́ tó lè gbà. Ẹ gbé nọ́ńbà ibẹ̀ sókè, ẹ̀rọ á dìde, lẹ́yìn náà kí ẹ wá to dísìkì H.

Ibí yìí ni bọ́tìnnì tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ti wúlò. Ní MS-DOS 6.0, F5 máa ń jẹ́ kí ẹ̀rọ fo CONFIG.SYS àti AUTOEXEC.BAT, àmọ́ DBLSPACE.BIN á ṣì wọlé. Láti 6.2, bí ẹ bá tẹ Ctrl pẹ̀lú F5 nígbà tí ẹ̀rọ bá ń dìde, ẹ̀rọ ìfúnpọ̀ fúnra rẹ̀ ò ní wọlé, ẹ ó sì rí dísìkì gidi ní ìhòòhò. Bí ẹ̀rọ bá dìde lọ́nà yẹn, ó ti dá yín lójú pé dísìkì àti DOS ṣì wà láàyè, pé ọ̀rọ̀ kù sọ́wọ́ ètò ìfúnpọ̀ nìkan.

Ẹ̀kẹrin ló burú jù: ó wọlé, ó ṣiṣẹ́, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀ fáìlì bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́. Lórí dísìkì lásán, àbùkù kékeré lè ba lẹ́tà kan jẹ́. Lórí dísìkì tí wọ́n fún pọ̀, àbùkù kan náà lè bọ́ sínú àwọn tábìlì tó ń sọ ibi tí nǹkan wà nínú fáìlì ràgàjì, kó sì kó odindi dísìkì lọ. Ẹyin tó wà nínú apẹ̀rẹ̀ kan ṣoṣo ni gbogbo ẹrù náà ti dà.

Ẹ̀bi ilé iṣẹ́

Ẹ̀bi ilé iṣẹ́ hàn jù lọ nínú MS-DOS 6.0. CHKDSK ni wọ́n fi ń yẹ dísìkì wò kó tó bẹ̀rẹ̀ ìfúnpọ̀, CHKDSK kì í sì í wo ojú dísìkì bóyá ibì kan ti kú. Àwọn àkọsílẹ̀ fáìlì nìkan ló ń kà. Ìyẹn ni pé wọ́n ní kí aláìsàn gbé ẹrù wíwúwo láìwọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Èkejì, SmartDrive, ètò tó ń mú dísìkì yá, máa ń di ohun tí wọ́n fẹ́ kọ mú nínú mẹ́mọ́rì fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Ẹni tó bá rí àmì C tó ti jáde, tó rò pé iṣẹ́ ti tán, tó sì pa ẹ̀rọ, ti pa á mọ́ ohun tí kò tíì dé orí dísìkì. Lórí dísìkì tí wọ́n fún pọ̀, ohun tó sọnù bẹ́ẹ̀ lè jẹ́ apá kan tábìlì náà. Ẹ̀kẹta, 6.0 kò ní ọ̀nà tí ènìyàn lè gbà tú ìfúnpọ̀ náà: ẹni tó bá wọlé ti wọlé.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 1993, MS-DOS 6.2 jáde. Ó gbé ScanDisk dé, tó ń yẹ ojú dísìkì wò kí ìfúnpọ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Ó gbé DoubleGuard dé, tó ń ṣọ́ mẹ́mọ́rì ẹ̀rọ ìfúnpọ̀ kí ètò mìíràn má bàa tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. SmartDrive kò fi àmì C hàn mọ́ àyàfi tó bá ti kọ ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ tán. DoubleSpace sì gba àṣẹ tuntun, /UNCOMPRESS. Oògùn tí wọ́n mú wá láàárín oṣù mẹ́jọ yìí ti jẹ́wọ́ àìsàn tí wọ́n tà tẹ́lẹ̀. Síbẹ̀, ẹ kíyè sí ohun tí oògùn náà ń wò: ojú dísìkì tó ti kú, mẹ́mọ́rì tí ẹlòmíràn ń tẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹ̀rọ tí wọ́n ń pa kó tó tó àkókò. Gbogbo rẹ̀ ló ti wà nílé kí ẹ̀rọ ìfúnpọ̀ tó dé. Ẹ̀bi Microsoft ni pé wọn ò wo ilé kí wọ́n tó wọ̀ ọ́.

Windows gbé e wọlé

Windows 95 gbé DriveSpace kọjá, àmọ́ òpin tirẹ̀ jẹ́ 512 mẹ́gábáìtì. Ẹni tó bá fẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ á ra àpò Plus! tó ní DriveSpace 3, òpin èyí sì jẹ́ 2 gígábáìtì. Windows 98 fi DriveSpace 3 sínú àpótí láìgba owó mìíràn, ṣùgbọ́n ó tún gbé ohun tó pa á lárugẹ: FAT32. DriveSpace kò lè fọwọ́ kan dísìkì tó bá ti di FAT32, ìyípadà láti FAT16 sí FAT32 kò sì ní ọ̀nà àbọ̀ nínú Windows 98. Ẹni tó bá rí i pé DriveSpace kọ̀ dísìkì òun pátápátá lórí Windows 98 kò gbọdọ̀ wá àrùn kiri. Ó ṣeé ṣe kó ti yí i padà sí FAT32 láìmọ̀. Kò sì sọ nǹkan kan nù. FAT32 ń pín àyè ní 4 kílóbáìtì lórí dísìkì tó tó 8 gígábáìtì, nítorí náà òfò tí ìfúnpọ̀ ń gbà padà ti fẹ́ẹ̀ parẹ́ fúnra rẹ̀.

Ìdílé Windows NT gba ọ̀nà mìíràn. Láti NT 3.51 ní ọdún 1995, NTFS ti ń fún fáìlì kọ̀ọ̀kan pọ̀ níbi tó wà, láìsí fáìlì ràgàjì kankan. Ó dára jùyẹn lọ fíìfíì, torí pé bí fáìlì kan bá bàjẹ́, òun nìkan ló bàjẹ́. Ó ní òfin kan péré tí àwọn tó ń lò ó kì í mọ̀: ìdìpọ̀ dísìkì kò gbọdọ̀ ju 4 kílóbáìtì lọ. Bí wọ́n bá fọ dísìkì sí ìdìpọ̀ tó tóbi ju bẹ́ẹ̀ lọ, àpótí tí wọ́n ń fi àmì sí fún ìfúnpọ̀ ò ní ṣiṣẹ́.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ àtijọ́ nìkan lèyí. Bí láptọ́ọ̀pù kékeré tí wọ́n lò l'òkè òkun bá dé ọjà kọ̀ǹpútà Òpópónà Otigba ní Ìkẹjà, tí olówó tuntun sì rí i pé ìlà dísìkì rẹ̀ ti pupa torí pé ó ti kún, àpótí ìfúnpọ̀ yìí ló máa ń kọ́kọ́ rí lábẹ́ àbùdá dísìkì C. Á fi àmì sí i, á ní kó kan gbogbo fáìlì, á jẹun sùn. Lọ́jọ́ kejì, ojú dúdú pẹ̀lú ọ̀rọ̀ funfun: BOOTMGR is compressed. Press Ctrl+Alt+Del to restart. Bó bá jẹ́ Windows XP, NTLDR ni orúkọ tó máa wà níbẹ̀. Bí ó bá tẹ̀ ẹ́ ní ìgbà ogún, ọ̀rọ̀ kan náà ni.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ rọrùn. Fáìlì tó ń jí Windows wà nínú àwọn tí wọ́n fún pọ̀. Ìwọ̀nba àṣẹ tó ń ka fáìlì yẹn kí Windows tó dìde kéré tó bẹ́ẹ̀ tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń tú ìfúnpọ̀. Ohun tó yẹ kó tú u wà nínú Windows, Windows sì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ẹ̀rọ Windows 7 tí fáìlì yìí wà ní ìpín dísìkì kékeré 100 mẹ́gábáìtì tó pa mọ́ kì í bọ́ sínú páńpẹ́ yìí, torí pé C nìkan ni olówó ẹ̀rọ fún pọ̀. Èyí tí gbogbo rẹ̀ wà lórí C ni ó ń mú.

Wọ́n kì í fọ irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ nù. Ẹ fi dísìkì tàbí fláàṣì Windows tan án, ẹ yan àtúnṣe, ẹ ṣí ibi ìkọ̀wé àṣẹ. Ẹ lo attrib láti bọ́ aṣọ ìpamọ́ kúrò lára bootmgr, kí ẹ tó fi compact /u tú u. Àwọn tó ń tún ẹ̀rọ ṣe tó bá ní kí ẹ san owó gbígbé Windows tuntun wọlé nítorí ọ̀rọ̀ yìí nìkan, ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n ti gbìyànjú àṣẹ méjì yìí. Láti Windows 10, Microsoft ti fi ọ̀nà tó yẹ sílẹ̀, compact /compactos:always, tó ń fún fáìlì ètò Windows fúnra rẹ̀ pọ̀ láìfọwọ́ kan èyí tó ń jí i.

Ìtẹ̀lé tó bójú mu

Láti DOS títí dé Windows, àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí máa ń tẹ̀lé ètò kan náà. Ẹ̀dà ni àkọ́kọ́: ohun tí ẹ kò bá lè fi ṣòfò, ẹ kọ́kọ́ gbé e kúrò lórí dísìkì náà. Lẹ́yìn èyí, ẹ yẹ dísìkì wò: ScanDisk lórí DOS àti Windows 9x, chkdsk /r lórí ìdílé NT, kí ẹ sì jẹ́ kó yẹ ojú rẹ̀ wò tán bó tilẹ̀ gba òru kan. Bí ojú tó kú bá ń pọ̀ sí i láti ìgbà kan sí èkejì, ẹ dúró síbẹ̀. Dísìkì náà ń kú, ẹ má fún un pọ̀. Ẹ wá fáírọ́ọ̀sì tó ń gbé inú sẹ́kítọ̀ ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ gbé fáìlì ìpàrọ̀ kúrò, ẹ pa àwọn ètò tó ń jókòó sínú mẹ́mọ́rì, ẹ to dísìkì. Ìgbà yẹn ni kí ẹ tó pe ẹ̀rọ ìfúnpọ̀.

Bó bá sì ṣeé ṣe, ẹ má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú odindi C. DoubleSpace àti DriveSpace lè lo àyè òfìfo nìkan láti dá dísìkì tuntun tí wọ́n fún pọ̀, kí C wà bó ṣe wà. Bó bá kùnà, ẹrù àtijọ́ ò sí nínú rẹ̀. Ẹni tó bá da omi síwájú á tẹ ilẹ̀ tútù.

Ní ti bóyá ó yẹ kí ènìyàn ṣe é rárá, ìdájọ́ mi kò ní ẹnu méjì. Fún ẹni tó ń tọ́jú kọ̀ǹpútà DOS nítorí ìtàn, kó lo ìfúnpọ̀ láti mọ bí ayé ìgbà náà ṣe rí, àmọ́ kó má fi iṣẹ́ gidi sínú rẹ̀. Káàdì CompactFlash pẹ̀lú ohun tó ń so ó mọ́ okùn IDE á fún un ní àyè ju èyí tí Stacker lè fún lọ láé, nítorí pé èdè kan náà ni káàdì yẹn àti dísìkì àtijọ́ ń sọ. Fún ẹni tó ní láptọ́ọ̀pù tí kò ju ọdún díẹ̀ lọ, SSD tó bá owó rẹ̀ mu ni kó rà. Ìfúnpọ̀ NTFS wà fún fódà ìwé tó pọ̀ tí ẹ kì í ṣí lójoojúmọ́, kì í ṣe fún gbogbo C. Bí sọ́fítíwíà ìfúnpọ̀ bá sì ní òun ò wọlé, ẹ má fi agbára tì í wọlé. Dísìkì yín ló ń fi àìsàn rẹ̀ hàn. Ẹ ṣe ẹ̀dà iṣẹ́ yín lónìí, kí ẹ tó bá sọ́fítíwíà jà.